Ohùn Bàbá Lórí Fóònù

Tí mo bá pe bàbá ìyàwó mi ní Oǹdó láti Àkúrẹ́, ariwo ni wọ́n máa fi ń dá mi lóhùn: "Ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn, jẹ́ kí n gbóhùn sókè!" Mo ti gbà pé etí wọn ń di.

Ni mo bá ra fóònù ilé méjì tí kò ní wáyà, tó ń lo ìlà kan náà, mo gbé wọn lọ sílé Bàbá, mo so wọ́n mọ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀. Mo gbé ọ̀kan sí pálọ̀, mo gbé èkejì fún Bàbá ní yàrá, mo sì yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Wọ́n fi pe ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Àkúrẹ́. Èmi náà gbé ti pálọ̀ sétí, kí n mọ̀ bóyá ó ń já gaara.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n wọn ní, "Ṣé etí tí àna rẹ ní ó ti di nìyí?"

"Etí mi ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá pè mí, àwọn ẹlòmíràn ló tún máa ń bá sọ̀rọ̀. Àfi kí n pariwo kó tó rántí pé mo wà níbẹ̀. Ẹ má sọ fún un o, ọmọ dáadáa ni."

Mo rọra gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò lè wo àwòrán ìgbéyàwó wa tó wà lára ògiri.

Bàbá jáde wá, wọ́n lọgun níwájú mi: "Ó ń dún o! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Fóònù tó wà lápò mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo pa á.

"Mo ń gbọ́ yín, sà."