Ta Ló Ní Kí Wọ́n Tú Màrìwò Ẹnu Afárá?

Lọ́jọ́ Sátidé tí Màmá Àdìjá kú nínú ọgbà ewéko, orin kò dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Wọ́n gbé obìnrin náà gòkè látinú àbàtà, ẹrẹ̀ bò ó títí dé irun, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sọ́nù, ọrùn rẹ̀ sì ti yí síbi tí ọrùn ẹni tó wà láàyè kì í yí sí. Atọ́kùn ètò wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún wọn o, ó kàn rẹ màmá kan díẹ̀ ni." Ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀! Bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní ẹnu géètì báyìí ni alága ìgbìmọ̀ ọgbà mú ṣọ́bìrì, ó gbin igi kan, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀. Mo rí fọ́tò náà lórí fóònù kí n tó délé ní Okokomaiko. Alága ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wo igun ìsàlẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí bàtà rọ́bà kan ṣoṣo nínú koríko. Bàtà Màmá Àdìjá ni.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mi ò tíì lè pa fọ́tò náà rẹ́ lórí fóònù mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Ọgbà Ewéko Olómitútù rí, ẹ̀yìn Igbó-Elérin ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sínú àbàtà. Ti gbogbo ìlú ni, ìgbìmọ̀ sì wà tó ń ṣàkóso rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ará Ọ̀jọ́, Iba àti Okokomaiko tí a yọ̀ǹda ara wa la ń tọ́jú rẹ̀. Àdá wa la ń mú lọ, omi mímu wa la ń gbé dání. Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, a ó pe gbogbo àdúgbò wá gbin igi, ọjọ́ náà là ń pè ní Ọjọ́ Àkọ́rọ̀. Bí àgbàdo tuntun bá dé, a ó sun ún jẹ lábẹ́ igi, a ó sì fi ewé han àwọn ọmọdé. Tí ọyẹ́ bá wá mú, a ó gbá ewé gbígbẹ, a ó ro etí ọgbà kí iná má baà wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni a máa ń pe orúkọ àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́ tí wọ́n ti kú. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ, gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ó gbìn kó tó lọ." A ó sì gbin igi kan fún olúwarẹ̀.

Ìlànà wa nìyẹn. Mi ò mọ ọgbà mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe é.

Àdìjá Oyèkànmí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ Ifọ̀ ni. Rédíò àti fáànù ló tà ní Alaba títí ọjọ́ ogbó fi dé. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní etí òun ti gbọ́ ariwo tó, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ewé díẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù lára ọjà rẹ̀ ni ìdì wáyà pupa kan tó tóbi bí orí ọmọ ọwọ́. Kò sí ohun tí kò fi wáyà yẹn dì. Ó fi di ọmọ igi mọ́ ọ̀pá, ó fi di èèkù àdá tó là, ó fi di ìdérí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí okùn bàtà mi já, ó jókòó sílẹ̀, ó fi wáyà dì í fún mi, ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo ìwé tí o ń kọ yìí, ọ̀kan nínú wọn ò lè so bàtà." Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Bàtà náà ṣì wà nílé mi, wáyà náà kò sì tíì tú.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí afárá.

Afárá onípákó kan ló gba orí àbàtà kọjá lọ sí òdìkejì, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ igi. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ikán ti jẹ níbẹ̀. Pákó àárín ti jẹrà débi pé bí o bá fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́, ó máa rì sínú. Màmá Àdìjá ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀. Mo wà níbẹ̀.

"Alága, afárá yẹn ò dáa mọ́ o," ló wí. "Àwọn ọmọdé ló máa ń gba orí ẹ̀ jù."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, alága ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Káfíńtà máa débẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Ohun tí ẹ sọ nígbà ọyẹ́ náà nìyẹn, alága."

"Màmá wa, ẹ̀yin náà ẹ ní sùúrù. Àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé a máa gbàgbé afárá ni?"

Wọn kò gbàgbé afárá lóòótọ́. Wọ́n rán akunlé sí i! Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun pákó jíjẹrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dán yinrin. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá lójú yóò rí i pé ibẹ̀ kò dára. Lẹ́yìn ọ̀dà, àfi ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ àwọn tiwa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tún fi àtíkè kùn ún lójú. Ta ló fẹ́ kí àlejò pàtàkì rí ohun tó mọ́ ojú ju kí ọmọdé rin ibi tó dúró ṣinṣin lọ? Mo ń bi yín ni, ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Ẹ má wo ara yín lójú.

Nígbà tí Ọjọ́ Àkọ́rọ̀ ku ọ̀la, Màmá Àdìjá gé màrìwò ọ̀pẹ, ó ta á dí ẹnu afárá lọ́tùn-ún lósì, ó sì fi wáyà pupa rẹ̀ dì í. Ní ilẹ̀ Àwórì tí a wà yìí, ta ni kò mọ ohun tí màrìwò ń sọ? Bí àgbàlagbà Ọ̀jọ́ bá rí i lójú ọ̀nà, yóò yí padà láìbi ẹnikẹ́ni. Rebecca, ọ̀kan nínú wa, tí í ṣe ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àlájà, ẹ ti di olórìṣà nìyẹn o! Kí ni Lèmọ́mù máa wí?"

Màmá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣebí ìwọ náà ń gbé e jó lọ́jọ́ Sọ́ńdè imọ̀ ọ̀pẹ. Ewé yìí ò ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní mọ́ṣáláṣí. Má kọjá ló ń sọ, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ."

Gbogbo wa kọ́ ló gbọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn tó ń ṣe ibi ayẹyẹ lọ́ṣọ̀ọ́ dé, wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga, wọ́n sì ń wá ohun tútù tí wọn yóò fi bo ẹnu géètì. Ní Èkó òní, ibi tí màrìwò bá wà, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbà pé ìnáwó ni. Ẹnu géètì ìgbéyàwó ni wọ́n ti ń rí i, lẹ́bàá ìjókòó ìyàwó ni wọ́n ti ń so ó. Wọ́n rò pé ẹnì kan ló so ohun ọ̀ṣọ́ síbi tí kò yẹ. Síbẹ̀, wọ́n béèrè. Rebecca wà nítòsí, ó gbọ́ nígbà tí ẹnì kan láàárín àwọn ìgbìmọ̀ dáhùn pé, "Ẹ lọ tú u wá, ẹnu géètì ló yẹ kó wà." Kò rí ojú ẹni náà. Ohùn ọkùnrin ni.

Bẹ́ẹ̀ ni màrìwò tí wọ́n so pé kí èèyàn má kọjá ṣe di èyí tó ń kí èèyàn káàbọ̀. Gbogbo wa la gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, tàlejò tonílé.

Màmá Àdìjá ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn dé òdìkejì àbàtà láti àárọ̀, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tí a fi ń tọ́ ọmọ igi. Ìgbà tó gbójú sókè, àwọn ọmọ iléèwé ti ń tò lọ sórí afárá, wọ́n ń bọ̀ wá gba ọmọ igi tí wọn yóò gbìn. Àwọn ọmọ náà ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé màmá kọ́kọ́ wo ẹnu afárá bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó wá pariwo pé, "Ẹ padà! Ẹ padà!" Orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó sáré gun orí afárá láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń lé wọn padà bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Àwọn ọmọ bẹ̀rù, wọ́n yí padà. Ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò kan omi. Pákó àárín já lábẹ́ ẹni tó ti ń sọ látìgbà ọyẹ́ pé yóò já.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ lọ kí ẹbí màmá nílé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé mi orí, ó ní, "Ohun tó kàn ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé màmá mọ̀ pé afárá yẹn ò dáa. Kí ni wọ́n wá ń ṣe lórí ẹ̀?"

Àmọ̀kẹ́, ọmọ olóògbé, wò ó. "Ẹ̀yin náà mọ̀, sà. Kí làwọn ọmọdé ń ṣe lórí ẹ̀?"

Àwọn ìgbìmọ̀ gbé agbòjò kan tí wọ́n tẹ àmì ọgbà sí lára kalẹ̀ fún un, wọ́n sì lọ. Agbòjò! Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ sunkún ara wọn. Orúkọ tiwọn ni wọ́n ń nù kó mọ́.

Ọyẹ́ mú, a gbá ewé, a ro etí ọgbà. Ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Wọ́n pe bàbá kan tí àìsàn mú lọ, a dáhùn pé, "Ó gbìn kó tó lọ." Orúkọ Màmá Àdìjá ló kàn. Ẹnu wa ti là sílẹ̀ dè é. Atọ́kùn ètò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó ní kí a máa lọ ní àlàáfíà. Rebecca bú sẹ́kún. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò yẹ kí a pe orúkọ tí ìwádìí wà lórí rẹ̀. Ìwádìí wo? Rebecca tó gbọ́ ohùn, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Àwọn ọmọ tó rí i, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Báwo ni èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ kú tó kí wọ́n tó gbà pé ó kú?

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni màrìwò ti tún ń wà lẹ́nu afárá.

Ìṣẹ́gun tó ń ṣọ́ géètì ló sọ fún mi. "Bùrọ̀dá, mo tú u lánàá, mo dáná sun ún. Ilẹ̀ mọ́, ó tún wà níbẹ̀. Tútù báyìí ló wà, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé."

"Ta ló ń so ó?"

"Ẹ má bi mí o. Géètì wà ní títì, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Alága ní kí n máa tú u lójoojúmọ́ torí ó ń dẹ́rù ba àlejò. Èmi gan-an ló ń dẹ́rù bà."

Mo lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, ìrì ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi pákó kan ṣoṣo dí ojú ibi tó já, wọ́n sì tún ti kun gbogbo rẹ̀. Àwọn pákó yòókù, àwọn ti àtijọ́ náà ni. Màrìwò wà lẹ́nu afárá bí Ìṣẹ́gun ṣe wí. Wáyà pupa ni wọ́n fi dì í, bí Màmá Àdìjá ṣe máa ń dì í gẹ́lẹ́, bí ó ṣe di bàtà mi. Àmọ̀kẹ́ ti sọ fún mi pé ìdì wáyà náà bá ìyá òun wọ àbàtà, pé àpò rẹ̀ ló wà, wọn kò sì rí i. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ ni mo gbọ́ ìró kan nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà rọ́bà ń fa ẹsẹ̀ yọ. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́. Mi ò bẹ̀rẹ̀ wò.

Sátidé tó ń bọ̀ ni Ọjọ́ Àkọ́rọ̀ tún máa bọ́ sí. Ìgbìmọ̀ ti pe àlejò pàtàkì, wọ́n ti pe àwọn iléèwé. Àwọn ọmọdé tún máa gba orí afárá yẹn lọ gba ọmọ igi, kò sì sí Màmá Àdìjá ní òdìkejì mọ́ tí yóò sáré lé wọn padà.

Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, kí ẹ tó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kí wọ́n ya yín ní fọ́tò, ẹ ti afárá yẹn pa. Ẹ wó o, kí ẹ kàn án ní ọ̀tun. Ẹ pe Rebecca, ẹ pe àwọn ọmọ náà, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí lójú gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin tó ní kí wọ́n lọ tú màrìwò wá dìde dúró, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni. Ẹ sọ ìdí tí akunlé fi rí ọ̀nà dé ibi tí káfíńtà kò rí ọ̀nà dé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe orúkọ Àdìjá Oyèkànmí sókè ketekete níwájú àlejò yín. A ti mọ ohun tí a ó dáhùn.

Àwọn kan ń bi mí bóyá mi ò bẹ̀rù ẹni tó ń so màrìwò náà. Mo bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń so ó kò tíì pa ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní kí wọ́n máa tú u ni kí ẹ bá mi wò.