Ọ̀kẹ́ Méjìdínlógún Ó Dín Kan

Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò ìyàwó mi fi kọ́ni ní ìṣirò n'Ìbàdàn. Nígbà tó dé Toronto, páálí ló ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bramalea. Ìgbà tí obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àfikún ẹ̀kọ́ ní Etobicoke ní kó wá kọ́ kíláàsì kan wò lọ́sàn-án Sátidé, èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ. Ó ń retí pé iṣẹ́ náà á gba òun lọ́wọ́ páálí.

Nínú mọ́tò, mo kìlọ̀ fún un pé kó má sọ Yorùbá níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn ọmọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn.

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì, mo yọ bírò bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe kọ́ mi. Ó ń ṣàlàyé práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní 359,999 ńkọ́? Ó hàn pé ó fẹ́ dán an wò ni.

Tíṣà kọjú sí bọ́ọ̀dù. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ó dín kan." Ó yíjú padà, ó ní kì í ṣe práìmù, 599 lọ́nà 601 ni. Wọ́n fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Obìnrin tó ni ibẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ńkọ́?"

Tíṣà wò mí fìrí, ó wá kọ orúkọ nọ́ńbà náà sí bọ́ọ̀dù ní Yorùbá. Ó ní ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Méjìdínlógún rẹ̀ jẹ́ 360,000, ìyẹn ẹgbẹ̀ta lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ọmọbìnrin yẹn béèrè ìdí tí Yorùbá kò fi lè pe nọ́ńbà tààrà. Ẹnì kan ní bí ìyá àgbà òun ṣe ń kà á nìyẹn, gbogbo nǹkan ló máa ń dín. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kó dín," ni tíṣà wí. "Orúkọ rẹ̀ ló tú u fó."

Ó ní kí wọ́n dín ẹgbẹ̀ta kan kù ní ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀kan kún èkejì. Ó kọ ọ́: 599 lọ́nà 600 jẹ́ 359,400, fi 599 kan sí i kó lè di ọ̀nà 601, ó di 359,999.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 89,999, ó na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọbìnrin náà. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó kọ 299 lọ́nà 301.

Níta, obìnrin náà ní iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé nìkan lòun ní fún un, owó rẹ̀ kò sì tó ohun tí èèyàn á torí ẹ̀ fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀.

"Mo gbà á bẹ́ẹ̀, ma," ni àbúrò wa wí.

Ní Mọ́ńdè, ó padà sídìí páálí, ó sì ní kí ọ̀gá wọn yọ Sátidé kúrò nínú ṣíìfù òun.