Fóònù Òkè Òkun fún Ìyá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìrìnàjò mi sí Libreville, olú ìlú Gàbọ́n, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Fóònù ni gbogbo wọn ń bi mí. Ṣé kí n ra tuntun dání láti ilé ni, àbí kí n dé ọ̀hún ná kí n tó rà á?

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nígbà náà dára. Ojú rẹ̀ fẹ̀, kámẹ́rà rẹ̀ mọ́, mo sì ti rà á kí náírà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mẹ́ta, igun rẹ̀ kan sì ti sán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, ní kí n tètè ra òmíràn.

“Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí kì í ṣe owó tó máa wà lọ́wọ́ rẹ ní ọjọ́ Ẹtì,” ó ní. “Rà á kí wọ́n tó tún jí.”

Kò sọ àwọn tó máa jí. Kò sí ẹni tó nílò àlàyé. Láàárọ̀ ni iye owó máa ń yí padà nígbà náà, àwọn tó ń yí i padà kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará àdúgbò kò gbà pẹ̀lú Bùọ̀dá. “Òkè òkun lò ń lọ, o tún ń gbé fóònù Èkó dání?” Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ibikíbi tí èèyàn bá ti nílò pásípọ́ọ̀tù kó tó débẹ̀, òkè òkun ni. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé Gàbọ́n kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni, àti pé iná máa ń lọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ ba ìrìnàjò ara mi jẹ́.

Ìyá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ojú rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Dókítà ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà mọ́, pé èyí tó kù la ó máa ṣọ́, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń kán sí i láàárọ̀ àti ní alẹ́. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni ìyá mi ń lò, èyí tí a kò lè fi rí ojú ẹnikẹ́ni. Ó pè mí sí yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

“Fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ fún mi,” ó ní. “Tó o bá débẹ̀, kó o ra òmíràn. Mo fẹ́ máa rí ojú rẹ nígbà tí èyí tó kù yìí ṣì ń ríran.”

Ohun tó bèèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà dáhùn bí ọmọ tó ti di èèyàn ńlá.

“Ìyá, ẹ má ṣèyọnu. Èyí ti gbó. Tuntun ni mo máa fi ránṣẹ́ sí yín láti ọ̀hún.”

“O ò ní pẹ́?”

“Oṣù méjì péré.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi fi fóònù náà sílẹ̀. Mo ti ka ìwé gba oyè méjì ní yunifásítì, mo sì ti fi ọdún púpọ̀ kọ̀wé láti fi àwọn tó ń ṣe fáàrí ṣẹ̀sín: ọ̀gá tó ń gbé báàgì òfìfo wọ ọ́fíìsì, olóyè tó ń yá mọ́tò lọ sí ìpàdé. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé kí ọ̀gá ilé ìwé ní Gàbọ́n má rí fóònù onítọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tuntun tó ti Nàìjíríà wá. Ìdí náà nìyẹn. Mo ti wá òmíràn tó sàn ju ìyẹn lọ, n kò rí i.

Ilé ìwé náà wà lẹ́yìn PK8, ìyẹn òpó kìlómítà kẹjọ láti àárín ìlú, lẹ́bàá títì, láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ń ta táyà àti èyí tó ń ta búrẹ́dì. Ní ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì yọ fóònù tirẹ̀ láti fi pe ẹni tó máa fi yàrá mi hàn mí. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni. Ó fi rọ́bà dì í kí bátìrì má bàa já bọ́.

Oṣù méjì kọjá. Owó oṣù kò tètè jáde, nígbà tó sì jáde, ìwé ìgbélùú gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní àárín ìlú, tí afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìsàn. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kí mi, mo dáhùn “bonjour”, mo sì ti lo gbogbo Faransé mi tán. Mo na ìka sí fóònù kan. Ó kọ iye rẹ̀ sórí bébà kékeré, ó sì tì í sí mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń fi ìròyìn òkú jíṣẹ́.

Mo lè ra èyí tó kéré nígbà náà. Ó wà níbẹ̀, wọ́n tò ó sí ìsàlẹ̀, ó sì lè gbé ojú èèyàn hàn bí ti òkè. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé fóònù tó ti òkè òkun wá gbọ́dọ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó de ti òkè.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá mi máa ń bi mí lórí fóònù kékeré rẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n ti ń gbé e bọ̀?” bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi kan ti kúrò ní èbúté nítorí òun nìkan.

“Ó kù díẹ̀, Ìyá.”

“Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ẹ bá mi kí wọn.”

“Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ó lè yàwòrán.”

Oṣù mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di méje. Náírà ń ṣubú lọ́hùn-ún. Bùọ̀dá sọ fún mi nígbà kan pé oògùn ojú náà ti gbówó lórí gidi, pé láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wá. Mo fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kò sọ nǹkan mìíràn, èmi náà kò bèèrè.

Ní oṣù kẹjọ, ó rẹ̀ mí pátápátá. Mo wọ takisí àjùmọ̀wọ̀ lọ sí ọjà ńlá Mont-Bouët, mo ti ara mi gba àárín èrò, mo sì lọ bá ọkùnrin Ìṣẹ́yìn kan tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláṣọ. Alájì ni gbogbo wa ń pè é.

“Tíṣà! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ra fóònù tó ń sọ Faransé, kó lè máa bá yín ná ọjà.”

Mo ṣàlàyé fún un pé ìyá mi ni mo fẹ́ rà á fún, nílé. Mo sọ ti ojú rẹ̀ fún un. Ó mú ọ̀kan jáde látinú gíláàsì, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti ń kó o wá.

“Ìkẹjà ni.”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

“Ẹ máa wò mí. Ìkẹjà ni! Àbúrò mi ló ń rà á níbẹ̀, á dì í sáàárín aṣọ, á wọ bàálù. Látìgbà tí náírà ti dojú délẹ̀, kò sí ibi tí séfà, owó ibí yìí, ti níyì tó ibẹ̀.” Ó gbé fóònù náà kalẹ̀. “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí kò ní mú èrè wá fún mi. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín. Kó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀ ọ̀la. Nírọ̀lẹ́, ìyá ti ń rí ojú yín.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Bí mo bá ti ronú bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán.

“Alájì, ó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé láti òkè òkun ló ti ń bọ̀.”

Ó bi mí pé, “Ṣé ìyá lẹ ń ra fóònù fún, àbí ẹgbẹ́?”

Mo ka owó lé orí gíláàsì rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó gba owó mi, ó sì wá láílọ́ọ̀nù kan tí wọ́n kọ Faransé sí lára gàdàgbà, láti ilé ìtajà kan tí n kò wọ̀ rí. Ó fi páálí fóònù náà sínú rẹ̀. “Ó kéré tán,” ó ní, “ẹ jẹ́ kó jọ ọ́.”

Obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ sin òkú nílé, ó sì gbà láti mú un dání. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò tètè jáde, wọ́n sì sún ìsìnkú náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Fóònù náà sinmi nínú àpótí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó padà sí ibi tó ti wá.

Bùọ̀dá pè mí nígbà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

“Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ìdí páálí yìí. Àdírẹ́sì Ìkẹjà ló wà lórí rẹ̀.”

“Bùọ̀dá…”

“Mo ti ya á dànù. Má bínú sí mi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.” Ó wá ní, láti bí oṣù méjì, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni ìyá wa ń dá mọ̀. Nígbà tí oògùn náà ti wọ́n jù, ó ti ń kán an lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Ẹ̀yin náà kò sì sọ fún mi.”

“Tí mo bá sọ fún ọ ńkọ́? Ṣé o máa wá gbé náírà dìde ni?”

Ní ọ̀sán Sátidé ni wọ́n pè mí. Bùọ̀dá ló gbé fóònù náà dání, mo sì rí ìyá mi lórí àga rẹ̀, ó wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jókòó tì í. Ojú rẹ̀ ń wo apá kan tí n kò sí.

“Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o.”

“Ọmọ mi! Bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, kí n rí ọ dáadáa.”

Mo jáde kúrò nínú yàrá, mo dúró sínú oòrùn lágbàlá ilé ìwé, mo sì gbé fóònù tó ti sán ní igun náà sókè. Mo ti gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ kúrò nílé ti ń rọ̀ sí mi lọ́rùn bí aṣọ tí mo yá. Ìyá mi na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ Bùọ̀dá, ó sì mú un súnmọ́ ojú rẹ̀ tó fi jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó pẹ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí fóònù náà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Ẹ ò rí i báyìí! Ó ti sanra! Ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe kún!”

Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò mí. Mo wo àwọn náà. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Lóòótọ́ ni, Ìyá,” ó ní. “Ó ti sanra gan-an.”

“Mo sọ fún yín,” ni ìyá mi wí. “Fóònù òkè òkun yàtọ̀. Ó mọ́ kedere.”

Oòrùn náà mú gidi. Mo dúró sínú rẹ̀ títí ìyá mi fi wò mí tán.