Kíjìpá Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà

Mo rántí ìgbà tí àtàǹpàkò ìyá kan ní Ìlọ́fà máa ń dúdú bí ọjọ́ tí òjò ṣú. Aró ni. Opó ni ìyá náà, ahunṣọ sì ni, kíjìpá rẹ̀ gbayì dé ọjà Ìdòfin. Bó ti wù kó fọ ọwọ́ tó, aró kì í kúrò ní àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé àtàǹpàkò yẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé.

Tíṣà ni mí nígbà náà, kò pẹ́ tí a gba òmìnira, mo sì ń ṣe ògbufọ̀ fún Pásítọ̀ Òyìnbó tó wá láti apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Háà, ẹ ò bá rí mi! Bí Pásítọ̀ bá wúkọ́ lórí àga ìwàásù, díẹ̀ ló kù kí n túmọ̀ ikọ́ náà. Ṣòkòtò mi ń gún régé, ọrùn mi ń gùn sí i lójoojúmọ́, mo sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti ẹnu ọkùnrin yẹn jáde, láti ọ̀run ló ti wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé àwọn aboyún wa lọ sí ọsibítù, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wa mọ ògiri ilé ìwé wa.

Ṣùgbọ́n ó ní rédíò kan. Bó bá ti gbọ́ ìròyìn ìlú rẹ̀ tán, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Àwọn dúdú ibẹ̀ ń wọ́de, wọ́n fẹ́ máa dìbò, wọ́n fẹ́ máa jókòó níbi tí àwọn funfun ń jókòó. Pásítọ̀ ní àwọn onírúkèrúdò ló ń tì wọ́n, pé kí ìjọba má fipá yí ìṣe àwọn bàbá òun padà, pé bí àkókò bá tó, ìbò á kàn wọ́n. Èmi náà á bọ́ síta, màá wá máa fi òwe ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Mo ní ìka ò dọ́gba. Mo ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí kò tíì dé Èkó rí ló ń tún Amẹ́ríkà tò o! Ìyá ahunṣọ gbọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, Pásítọ̀ ní òwú pọ̀ nílùú òun. Ta ló ń bá wọn ká a níbẹ̀?”

Mo ní àwọn dúdú ni.

“Àwọn tó ń ká òwú náà ni wọn ò fẹ́ kó dìbò?”

“Ìyá, òṣèlú nìyẹn. Kò lè yé yín.”

Ó ní, “Hẹn-ẹn. Òwú yé mi o.” Ó sì padà sí ìdí òfì rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún ìyá yìí. Tíṣà bíi tèmi ni ọmọ náà, ó sì mọ̀wé jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò jẹ́ gbà nígbà yẹn. Pásítọ̀ bá a wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìlú tirẹ̀ gan-an, níbi tí ìjọ tó rán an wá sọ́dọ̀ wa wà. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ ẹni bá ń lọ gbé ìlú onílùú, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹrù kan wà tí wọ́n fi ń fa ọmọ lé onílé lọ́wọ́. Bí onílé bá ti gba ẹrù náà, ó ti gba ọmọ nìyẹn, ọmọ ọ̀hún ti di tirẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀ ni ìyá fi hun kíjìpá aláró kan fún ìjọ Pásítọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe fi jíṣẹ́. Mo ní, “Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó o bá débẹ̀, wọ agbádá, fi ọwọ́ ara rẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kó o dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ìjọ.” Èmi amọ̀ràn.

Oṣù mélòó kan kọjá kí ìwé tó dé láti ìjọ náà. Wọ́n dúpẹ́ gidigidi. Wọ́n ní aṣọ náà rẹwà, wọ́n ti gbé e kọ́ sára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nípa iṣẹ́ ìhìnrere ní Áfíríkà. Mo túmọ̀ ìwé náà níwájú ìjọ, àwọn obìnrin jó, ìyá sunkún ayọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò kíyè sí i pé wọn ò dárúkọ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin ni ìwé ti ọmọ dé. Ìyá ò mọ̀wé kà, ó gbé e tọ̀ mí wá ní ilé ìwé lọ́sàn-án gangan. Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á.

“Ọkùnrin méjì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà,” ohun tó kọ nìyẹn. “Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ mi, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì irú tèmi wà lódìkejì ojú irin. Mo ní Pásítọ̀ ló rán mi wá. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn fẹ́ràn Pásítọ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín yín lọ́hùn-ún. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi bẹ Pásítọ̀ kó kọ̀wé sí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.”

Ìyá ń wo ẹnu mi. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, òwe yẹn ni mo sá sábẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ó ní òun dé ibẹ̀ dáadáa, wọ́n gba aṣọ, wọ́n kí yín. Ó ní kí Pásítọ̀ bá òun kọ̀wé kí wọn.” Ìyá ní ká lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mísọ̀n, èmi wọlé. Mo ka ìwé náà fún Pásítọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. “Tíṣà, bí mo bá kọ ọ́, wọn ò ní ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Ilé ìwé yìí á kú. Kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀.” Àwọn ènìyàn rẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn mi, ènìyàn rẹ̀ ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó ń fi etí aṣọ nu òógùn. Gbogbo ohun tí mo ti ń túmọ̀ láti ọdún yìí wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mọ ohun tí mo wí? Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mo jáde. Ìyá ní, “Kí ló wí?”

Mo ní, “Yóò máa gbàdúrà fún un.”

Ìyá ní kí n bá òun fèsì. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé ọkàn òun ń fà sí i, kó sọ ohun tó ń ṣe é gan-an fún òun, nítorí ìwé yẹn ò dùn létí òun. Ẹ̀rù bà mí. Bí ọmọ bá sọ ọ́, tó sì tú síta, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé ìwé, sí Pásítọ̀, sí èmi? Mo kọ ọ́ báyìí: “Ọmọ mi, sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Má ba orúkọ Pásítọ̀ jẹ́. Padà lọ bẹ̀ wọ́n.” Ìyá tẹ àtàǹpàkò aláró rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èsì dé, ó kúrú: “Ìyá mi, mo ti gbọ́.” Láti ọjọ́ náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí rédíò sọ pé òfin ti dé tí yóò jẹ́ kí àwọn dúdú ibẹ̀ máa dìbò, Pásítọ̀ mi orí, ó sọ̀rọ̀ gígùn níwájú ìjọ. N kò túmọ̀ rẹ̀. Mo dúró bí igi, àwọn ènìyàn rò pé inú ló ń run mí. Gbogbo ìgboyà mi nìyẹn, ó sì ti pẹ́ jù.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí Pásítọ̀ ti padà sílé, ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn kà. Mo kà á bí mo ṣe máa ń kà á.

Ó ní, “Tíṣà, ìwé yẹn gùn. Ohun tí ò ń kà níbẹ̀ kúrú. Ṣé wọ́n jẹ́ kó wọlé?”

Mo ní, “Wọn ò jẹ́ kó wọlé, Ìyá.”

“Aṣọ ńkọ́?”

“Wọ́n gba aṣọ.”

Ó ní, “Aṣọ wọlé, ọmọ ò wọlé.” Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi. “Èsì tí mo tẹ̀ka sí ńkọ́? Kí ni mo wí fún ọmọ mi?”

Èmi tí mo ń túmọ̀ fún òyìnbó àti dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé náà padà sínú àpò rẹ̀. Ìyá ò bá mi jà, kò ṣépè. Ó kú kí iṣu tuntun tó jáde.

Mo ti kọ̀wé sí àdírẹ́sì àtijọ́ ọmọ náà títí, àwọn ìwé náà ń padà wá ni. Ní báyìí, bí àwọn ọmọ wa bá ti ìlú ńlá wálé fún ìsìnkú, wọ́n máa ń wo ìbò Amẹ́ríkà lórí fóònù, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọn ṣiṣẹ́, kí lẹ rí sí i?” Mo máa ń ní n kò mọ̀. Bí ọmọ ìyá náà bá wà láàyè, ó ti darúgbó bíi tèmi. Bóyá ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ló wà lókè, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ fún un.