Bọ́ọ̀sì Tí Nọ́ọ̀sì Ò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Wọ̀

Ní àdúgbò wọn, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Anti Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Bí ara ọmọ kan bá ń gbóná, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sáré wá. Bí òòyì bá ń kọ́ bàbá kan, òun ni wọ́n ń ké sí kí wọ́n tó ronú kan dókítà. Obìnrin náà kì í sì í sọ̀rọ̀ aláìsàn níta. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá fi àṣírí kan náà pa mọ́ sọ́dọ̀ òun àti òkú, òkú ló máa kọ́kọ́ tú u.

Wọ́ọ̀dù ọkùnrin ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé awakọ̀ kan wá. Ọkùnrin náà ti ṣubú lulẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tí dókítà fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó hàn pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wárápá ni. Dókítà kọ oògùn fún un, ó sì sọ ọ́ fún un lójú Anti Nọ́ọ̀sì pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ títí òun fi máa sọ pé ó yá.

Bí dókítà ṣe yí ẹ̀yìn padà, ọkùnrin náà di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́. Ẹ mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń sá fún àìsàn yìí. Wọn ò ní bá mi jẹun mọ́."

"Ọ̀rọ̀ yín ò ní tẹnu mi jáde," ni nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ o."

"Mo gbọ́, Anti."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ká ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé padà, Anti Nọ́ọ̀sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ síbi táwọn ìyá ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì. Onídìrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé wọn, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbejì rẹ̀.

"Wọ́n ní dírẹ́bà tuntun la ní o," ni Onídìrí wí. "Bàbá àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ gbé àwọn ọmọ wa lọ sílé ìwé."

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí bọ́ọ̀sì fi yọ. Ìlẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ojú òun àti ti dírẹ́bà sì ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin wọ́ọ̀dù yẹn ni. Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Ọmọ ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì fa báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ débi pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Màmá!"

"Sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn lónìí."

"Kí ló dé, Anti Nọ́ọ̀sì?" ni Onídìrí bi í. "Ṣé ara ọmọ ò yá ni?"

Nọ́ọ̀sì fa ọmọ náà mọ́ra. "Ó kàn wù mí kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré kiri ọsibítù látàárọ̀ ṣúlẹ̀!" Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó ti àwọn ìbejì rẹ̀ wọlé níkọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n má jà. Ìlẹ̀kùn pa dé, bọ́ọ̀sì sì lọ.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe rìn dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà, kò lè sọ. Gbogbo fèrè ọkọ̀ tó bá dún ló ń mú un bojú wẹ̀yìn. Níwájú géètì, ó rí bọ́ọ̀sì tó dúró jẹ́ẹ́, àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì. Ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èémí náà tó jáde tán, ó rántí pé bọ́ọ̀sì yìí kan náà ló máa gbé wọn padà lọ́sàn-án.

Níbi iṣẹ́, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbé ike oògùn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó tún un kà, síbẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lórí. Ó gbé e kalẹ̀, ó pe nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi pín oògùn àárọ̀ yìí. Ọkàn mi ò sí níbí."

Ó kọjá tààrà sí ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, àgbà obìnrin tí kì í pariwo, ó sì ro gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró.

"Mo ti ṣèlérí fún un, mà. Mo ní mi ò ní sọ."

"Àṣírí àìsàn rẹ̀, tirẹ̀ ni," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ẹ̀mí àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀."

"Ṣé kí n pe ilé ìwé báyìí?"

"A kì í gba ẹ̀yìn aláìsàn tú àṣírí rẹ̀. Òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́ pé a fẹ́ sọ ọ́. Bí ọkùnrin náà bá kọ̀ láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, dókítà rẹ̀ ló máa sọ ọ́, ìwọ̀nba ohun tí ilé ìwé nílò láti mọ̀ ló sì máa sọ." Ó gbé fóònù. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. "Ọmọ tìẹ ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́ kúrò nínú bọ́ọ̀sì, mà."

Mátírọ́ọ̀nù wò ó. Ó tẹ nọ́ńbà dókítà. Nọ́ọ̀sì ì bá yàn kó gbá òun létí.

Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì lọ bá ọkùnrin náà: bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí ilé ìwé tó jáde, òun máa pe ọ̀gá ilé ìwé fúnra òun.

Nọ́ọ̀sì bá a nínú ọgbà ilé ìwé, níbi tó ti ń fi akísà nu gíláàsì bọ́ọ̀sì.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ni dírẹ́bà wí láìbojúwẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ti lọ tú mi fó?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan níbí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, dókítà máa sọ ọ́ lónìí."

"Ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi!" Ó ju akísà sínú bákẹ́ẹ̀tì, omi ta sí bàtà funfun nọ́ọ̀sì. "Mò ń lo oògùn. Kò gbé mi mọ́."

"Ẹ wojú mi, kẹ́ ẹ tún un sọ."

Kò wojú rẹ̀. Ó yọ akísà nínú omi, ó ń fún un. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àná, mò ń gbé ọkọ̀ yìí bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti tún un ṣe. Mo rí i pé mo fẹ́ gun afárá. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé mo ti sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Àárín rẹ̀ ni mi ò rí, Anti. Mo wá a títí, mi ò rí i."

Àwọn ìbejì Onídìrí ló sọ sí nọ́ọ̀sì lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń du àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ṣé ẹ máa bá mi wọlé?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé tòun ti kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, ó jáde lọ́wọ́ òfo. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé ìwé ní kí òbí kálukú wá mú ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ò pa mọ́. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló sọ ìdí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, Onídìrí ti gbọ́. Kì í ṣe òmùgọ̀, ó rántí ìrìn ẹsẹ̀ àárọ̀ yẹn. Ó kọjá títì wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Anti Nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́, "ẹ" ló máa ń lò fún un.

"O mọ̀," ló wí. "O fa ọmọ tìẹ sílẹ̀, o sì ń wò mí bí mo ṣe ń ti tèmi wọlé."

Nọ́ọ̀sì lanu. Ó lè sọ pé òfin iṣẹ́ òun ni. Ó lè sọ pé òun ti sáré ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó tó di ọ̀sán. Òótọ́ sì ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó kúkú lè dúró níwájú bọ́ọ̀sì yẹn, kó ní kó má lọ, láìsọ ìdí.

"Má bínú," ló rí sọ.

Onídìrí yí padà, ó sọdá títì lọ. Fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n bá pàdé ní títì, ó máa ń wo ibòmíì. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì pé kó wá dirun, pé orí rẹ̀ ti rí wúruwùru jù. Ìyá ọmọ kọ́ ló pè.

Ní ti dírẹ́bà, ó ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ó ń wá gba oògùn déédéé. Lọ́jọ́ kan, ó bá Anti Nọ́ọ̀sì lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń rí aláìsàn.

"Ìyàwó mi ní kí n má kí yín," ló wí.

"Ẹ wá ń kí mi."

"Mi ò kí yín. Oògùn ni mo wá gbà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa nọ́ọ̀sì, ó mú un mọ́ra. "Ṣé ó tún ti gbé yín látìgbà tẹ́ ẹ ti wá kẹ́yìn? Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.