Ìwé Ìkíni Tí Mo Kó Sínú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ kìíní tí mo dé ṣọ́ọ̀bù Alájì ní ọjà Bouaké, n kò tíì jókòó dáadáa tó fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ìwé ọjà ni. Rárá o, ìwé ìkíni ni. Àwo àti ìkòkò là ń tà fún àwọn aláròóbọ̀, Alájì sì gbà pé ẹni tí o kò bá mọ̀ ọ́n kí, o kò lè tajà fún un pẹ́. Ohun tí oníbàárà bá sọ fún wa la ń kọ síbẹ̀: ìyá ta ni ẹsẹ̀ ń dùn, ọmọ ta ló yege nínú bakaloréà, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé gíga. Bó bá tún dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ a sì dùn.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi tọ́jú ìwé yẹn. Mo ṣàṣìṣe nígbà mìíràn. Mo bi obìnrin kan pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ẹ bi ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi." Alájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Mulíkátù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú Botro nítòsí Bouaké, wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ kan ó fà mí sẹ́yìn ìkòkò tí a tò jọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti gé ọmú òsì mi l'Abidjan. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orogún mi ò gbọdọ̀ gbọ́, yóò fi mí ṣẹ̀sín ni." Mo búra fún un. Nígbà tó lọ, mo kọ ọ́ sínú ìwé, kí n má baà gbàgbé láti máa béèrè ara rẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra tán!

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan wá láti Abidjan wá kọ́ àwa oníṣòwò ní IA, ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé tó sì ń fèsì bí ènìyàn. Ọ̀sán kan péré ni. Ẹnìkan béèrè ibi tí ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ń lọ. Ọkùnrin náà ní, "Ìbẹ̀rù ló ń dá oníṣòwò dúró." A pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa náà ni a pàtẹ́wọ́.

Tabaski, ọdún Iléyá, ń bọ̀. Alájì ní, "Jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn bá wa kí gbogbo wọn ní faransé tó dùn." Inú mi dùn, nítorí faransé mi ò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tẹ ìwé ìkíni sínú rẹ̀, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí. Ó kọ ìkíni fún oníkálukú, ó dùn bí oyin. Ó yẹ kí n dà wọ́n kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ojú ti rẹ̀ mí. Mo rí bọ́tìnnì tí wọ́n kọ *Partager* sí, ìyẹn "pín in", mo tẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní lìńkì kan. Mo fi lìńkì náà ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà. Mo rò pé oníkálukú yóò rí ìkíni tirẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà wa kan ní àdúgbò Gonfreville pè mí. "Tantí, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣọ́ wa?" Mo sáré lọ bá ọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì. Ó wò ó, ó mirí.

"Tantí, kì í ṣe ìkíni lẹ fi ránṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ kọ fún ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá ṣí lìńkì yìí á kà á."

Ó bá mi pa lìńkì náà rẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́. Àbúrò orogún Ìyá Mulíkátù náà ń rajà lọ́wọ́ wa.

Alájì jágbe mọ́ mi pé, "Ta ló ní kí o kó orúkọ wọn síbẹ̀?" Òun ni! Kò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó gbé ẹ̀rọ náà wọlé. Inú ń bí mi sí i, ó ń bí mi sí ọkùnrin Abidjan yẹn, ṣùgbọ́n ìka mi ló tẹ bọ́tìnnì.

Nísinsìnyí, a kì í kọ orúkọ ènìyàn tàbí àìsàn ènìyàn fún ẹ̀rọ mọ́, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ wo ohun tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ kó tó jáde. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́ la gbọ́ gbẹ̀yìn.

Mo lọ sí Botro lọ bẹ Ìyá Mulíkátù. Ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Orogún mi tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀, àràárọ̀ ló ń kí mi báyìí. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ilé á ti gbọ́, á ní: ọmú òsì ńkọ́?"