Sìgá Oníbátìrì Ìyá Àgbà

Inú mi ò tíì rọ̀ sí ọkùnrin tó ta sìgá oníbátìrì fún mi ní Allen Avenue, mi ò sì ní purọ́ pé ó ti rọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà obìnrin. Síbẹ̀, bí mo bá gba iwájú ibẹ̀ kọjá, ẹnu máa ń yún mi, torí gbogbo ohun tí kò tọ́ tí ọkùnrin yẹn ṣe ló ṣì wà lórí mi: páálí tó ti ṣí kó tó gbé e fún mi, ìwé àlàyé tó jẹ́ kìkì èdè Ṣáínà, àti ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló burú jù. Màá dé orí rẹ̀.

Ìyá àgbà mi ni mo ra nǹkan náà fún. Àwọn ló bí màmá mi. Màmá mi ti kú kí n tó bímọ, ìyá àgbà ló sì di ẹrù wọn láti Èkìtì wá sí Agege láti wá bá mi wẹ ọmọ, bí wọ́n ṣe wẹ èmi náà nígbà kan rí. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n sì gbé ìkòkò tábà wọn wá. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni, ó dúdú, ó ń dán, eyín wọn sì ti jẹ ẹnu ọ̀pá rẹ̀ wọnú. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, tí wọ́n ti wẹ ọmọ, tí wọ́n ti na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á dijú.

Ìjọba alágbádá ò tíì ju bí ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. A ṣì ń retí pé iná á máa tàn déédéé, pé ẹni tó bá ní ẹjọ́ á rí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá wa àti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Èéfín wọn máa ń bà lé aṣọ tí a bá sá, funfun á di àwọ̀ eérú. Mo lọ fẹjọ́ wọn sùn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ọmọ mi ò tíì mọ̀ ọ́n jókòó tí àyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Bó bá ń mí, á máa dún fìì, fìì, bíi pé fèrè kan há sí i lọ́fun. Dókítà ní òun ò fẹ́ èéfín kankan nínú ilé tí ọmọ yìí bá wà: ti igi ìdáná o, ti sìgá o, ti ìkòkò o. Mo délé, mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún ìyá àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ihò èéfín ilé iṣẹ́ yẹn.

"Ṣé tiwọn kì í ṣe èéfín ni?"

"Èéfín ni, Màmá."

"Wọ́n ti ní kí àwọn náà pa á?"

"Mo ti lọ fẹjọ́ wọn sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi tọ́wọ́ yín tó ni ẹ wá rí mú."

Ṣùgbọ́n wọ́n pa iná ìkòkò náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n ń ká aṣọ sínú àpò.

"Mo ti ń fa tábà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ," ni wọ́n wí. "Ẹnu mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mi ò sì ní fi pa ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀. Ilé ni màá lọ."

Mo sọ fún ara mi pé ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tó máa bá mi gbé ọmọ tí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Aláúsá. Irọ́ ni. A lè rí ẹni gbé ọmọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíràn láyé mọ́ tí mo lè pè ní Màmá kó sì jẹ́ mi bí ẹni tó ni mí. Bí wọ́n bá padà sí Èkìtì ní ọjọ́ orí wọn yẹn, mo mọ̀ pé wọn ò tún ní gun mọ́tò wá sí Èkó mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ wọn ò tú àpò náà. Ibi ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Ọkọ mi ló sọ pé ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ àwọn ń fa sìgá kan tí kò ní iná, tí kò ní eérú, bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Mo bi dókítà. Ó ní òun ò mọ nǹkan náà dáadáa, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ń yọ bí èéfín, kí ó má wọlé. A gbà pé ìta ni wọ́n á ti máa lò ó, lẹ́yìn ilé, níbi tí ọmọ ò sí. Mo bá wọ Allen Avenue lọ.

Ọkùnrin náà so táì, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. "Àǹtí, orijínà ni. Ẹ kàn fà á ni, iná á tàn nídìí rẹ̀, ó parí." Mo bi í bí wọ́n ṣe ń fún un níná. Ó nawọ́ sí ṣáájà. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní kò ní wàhálà kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí gbólóhùn yẹn: kò ní wàhálà kankan.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó tán. Ìyá àgbà fà á, kò yọ nǹkan kan. Mo tú u, mo wò ó. Apá méjì ni: bátìrì nísàlẹ̀, orí lókè níbi tí omi tábà wà, a sì ń lọ́ ọ̀kan mọ́ èkejì. Mo ti lọ́ ọ jù ni. Irin kékeré kan tó wà láàárín ti wọlé, kò kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ fà á sókè díẹ̀, èéfín yọ. Nígbà tó ṣe, bátìrì ò kún mọ́. Mo fi sí iná láti àárọ̀, pupa tó ń tàn lára ṣáájà kò di àwọ̀ ewé. Iná jẹnẹrétọ̀ wa ló rẹlẹ̀. Mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fún fóònù níná, wọ́n ń bá mi fi síná níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìyá àgbà máa ń fi í sí ìdí ìró wọn, ó ń sùn gbalaja síbẹ̀, omi olóòórùn máńgòrò tó wà nínú rẹ̀ sì ń dà sí wọn lára. Èèrà ń tẹ̀ lé wọn kiri ilé.

"Wò ó," wọ́n ní, "mo ti di ṣúgà."

Mo fún wọn ní ife kan kí wọ́n máa gbé e dúró sínú rẹ̀. Jíjò dúró. Ó tún kù pé ó ń hó nínú, gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀, omi rẹ̀ ń ta sí wọn lẹ́nu, torí bí wọ́n ṣe ń fa ìkòkò ni wọ́n ń fa òun náà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ rọra fà á, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná." Nígbà tó ń rùn bí aṣọ tó jó, mo ṣàkíyèsí pé òwú inú rẹ̀ ló gbẹ, tí a bá ti bu omi sí i, ó yẹ kí a ní sùúrù kí òwú náà mu ún ná. Gbogbo èyí ni mo fojú ara mi rí, tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, nígbà tí ọmọ bá sùn. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó gba owó mi sọ fún mi.

Ó wá kú pátápátá. Bátìrì kún, ó ń ṣẹ́jú ṣáá, kò sí èéfín. Mo dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà kùn, ó fún mi ní orí mìíràn. Ìyẹn náà kú. Mo padà lọ. Ó tu ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ dànù, ó ní, "Àǹtí, kí tiẹ̀ ni màmá yín ń fi í ṣe?"

Mo ní, "Màá mú wọn wá kí o bi wọ́n fúnra rẹ."

Mo sì mú wọn wá. Ìyá àgbà wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n wé gèlè. Ọkọ mi dúró ti ọmọ nílé. Mo ti to ẹjọ́ mi láti ilé: páálí tó ṣí, ìwé tí kò sẹ́ni tó lè kà á, "kò ní wàhálà", orí méjì tó kú. Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"O kú iṣẹ́, ọkọ mi."

Ọkọ mi! Mo wo ojú wọn. Wọn ò wo ojú mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ẹ ṣe ń lò ó hàn mí." Ó fi orí tuntun sí i, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ìyá àgbà fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe kọ́ wọn. Èéfín yọ. Inú mi dùn, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n tú orí rẹ̀ kúrò lára bátìrì, wọ́n wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè, wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Wọ́n tì í bọ inú orí náà láti òkè, ó yọ nísàlẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n fà á. Òwú funfun kan tẹ̀ lé e jáde, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tó lọ́ bí irun orí.

"Ìdọ̀tí rẹ̀ rèé," wọ́n ní. "Mo ń yọ ọ́, kì í dúdú, kì í sì í rùn. Èyí ò le tó ti ìkòkò."

"Yéè, Màmá! Ẹ ti yọ ìfun ẹ̀!"

Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó di tábìlì mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni mo pariwo. "Níbo lo ti sọ fún wa pé a ò gbọdọ̀ ki nǹkan bọ̀ ọ́?"

"Àǹtí, ta ló ń ki ìgbálẹ̀ bọ nǹkan oníná?"

"Ẹni tó ti ń fi ìgbálẹ̀ yọ ìdọ̀tí ìkòkò rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ! Mo bi ọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. O ní kò ní wàhálà."

"Má bá a jà," ìyá àgbà dá sí i. Àwọn náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. "Ọkọ mi, tí kì í bá ṣe ìgbálẹ̀, kí ni wọ́n fi ń ṣe ìmọ́tótó rẹ̀?"

"Wọn kì í ṣe é, Màmá. Tí orí yẹn bá ti dọ̀tí, ẹ jù ú nù, ẹ fi tuntun sí i."

"Kí n jù ú nù?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Màmá."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n gbé nǹkan náà sójú, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ etí ọmọ wò. "Ohun tí mò ń kì bọ ẹnu, tí mi ò lè fọ̀." Wọ́n rọra gbé e lé orí gíláàsì tábìlì rẹ̀. "Gbà á, ọkọ mi. O ṣeun. Mi ò lè lò ó."

Wọ́n dìde. Bí ẹjọ́ mi ṣe parí nìyẹn, láìjẹ́ pé mo rò ó tán.

Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú nígbà tí a fẹ́ sọdá títì. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ń sọ pé mo máa padà wá, pé ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọjà rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ títí.

"Bí ìyá rẹ ṣe ń bínú náà lo ṣe ń bínú," ni wọ́n wí. "Tirẹ̀ kàn máa ń tètè lọ ni."

Ni ohùn mi bá yí. "Màmá, ẹ wá ń lọ nìyẹn?"

Ìgbà tí a dé òdì kejì ni wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹ tún ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn?"

A jọ lọ ni. Wọ́n dúró kó yẹ ọmọ wò tán, wọ́n wá sún àga wọn mọ́ tábìlì.

"Dókítà, bí mo bá lọ fa tábà mi níbi tó jìn sílé, tí mo wẹ̀, tí mo pààrọ̀ aṣọ, ṣé mo lè gbé ọmọ mi?"

"Màmá, ohun tó dáa jù ni kí ẹ fi tábà sílẹ̀."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Èyí tí mo bi ọ́ ńkọ́?"

Dókítà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní tí wọn ò bá lè fi í sílẹ̀, kí wọ́n wẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kí wọ́n fọ ẹnu, kí aṣọ tí wọ́n fi fa tábà má wọlé rárá, kí wọ́n sì sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e.

Nígbà tí a délé, wọ́n tú àpò.

Ẹ̀yìn ojú irin rélùwéè ni wọ́n ti ń lọ fa ìkòkò wọn, níbi tí koríko ti ga. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bọ́ aṣọ tábà sí ara okùn lóde, wọ́n á ró aṣọ ìwẹ̀, wọ́n á fa omi nínú kànga àgbàlá. Kànga yẹn jìn, okùn rẹ̀ ń bó ni lọ́wọ́. Mo ní kí n máa bá wọn fà á. Wọ́n gba garawa lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ìwọ lo fa tábà ni?"

Iye ìgbà tí wọ́n bá lọ, iye ìgbà tí wọ́n á fami nìyẹn. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé, inú á máa bí mi sí onílé tí kò ṣe ẹ̀rọ omi, sí ilé iṣẹ́ tó ń tú èéfín lé wa lórí tí ẹnikẹ́ni ò ní kó lọ wẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ wọ́n á lọ, lọ́sàn-án wọ́n á lọ, bí oòrùn bá rọ̀ wọ́n á tún lọ. Nígbà tó yá, ti ọ̀sán dẹ́kun. Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa là, omi kànga tutù bíi yìnyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́yìn ilé, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi, àyà rẹ̀ ń dún díẹ̀. Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Wọ́n wo ọ̀nà ojú irin. Wọ́n wo kànga. Wọ́n pòṣé.

"Omi yẹn á tutù."

Wọ́n ti ìkòkò bọ àpò, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì.

"Gbé e wá."